Ṣé ó bófin mu láti kun màlúù tó kú lójijì?

Rárá, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè òfin kò gbà á, pàápàá bí wọ́n bá fura sí anthrax (àrùn tí kòkòrò àìfojúrí ń fà, tó máa ń pa ẹran lójijì, tó sì lè ran ènìyàn): ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dúńbú òkú ẹran náà, bó awọ rẹ̀, tàbí gbé e kúrò níbi tó kú sí kí dókítà ẹran tó dé.

Bí a kò bá la òkú náà, ìjẹrà fúnra rẹ̀ máa ń pa kòkòrò anthrax inú rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí ọ̀bẹ bá kàn án tí ẹ̀jẹ̀ sì bọ́ sí afẹ́fẹ́, kòkòrò náà á sọ ara rẹ̀ di hóró líle tó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ẹran mìíràn á sì jẹ ẹ́ mọ́ koríko. Ẹni tó ń kun ẹran náà lè kó o láti ojú ọgbẹ́ ọwọ́.

Bó bá jẹ́ anthrax, ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kò dì lè máa jáde ní imú, ẹnu tàbí ihò ìdí. Àmọ́ bí kò bá sí ẹ̀jẹ̀, ìyẹn kò ní kí a má fura.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti iṣan etí tó fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà, sísun òkú náà di eérú ló dára jù. Bí kò bá ṣeé ṣe, wọ́n á sin ín jìn, ó kéré tán mítà 2, níbi tó jìnnà sí omi. Dída lime (ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi òkúta ṣe) sí i kò dára, torí kálísíọ̀mù inú rẹ̀ lè jẹ́ kí hóró náà pẹ́ sí i.

Ẹran tó kàn ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ yàtọ̀: àwọn òfin kan gbà kí wọ́n pa á níbẹ̀, bí dókítà ẹran bá ti yẹ̀ ẹ́ wò láàyè.