Ọmọ kékeré kò mọ̀ pé ọjà ni wọ́n ń tà fún òun

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ béèrè ohun tí ẹ lè ṣe sí ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó kọ ẹ̀kọ gbígbóná, tí ó ní tíì oníkòkó tí òun rí lórí tẹlifíṣọ̀n nìkan ni yóò jẹ́ kí òun lè gbá bọ́ọ̀lù bí àwọn ọmọ inú ìpolówó, ẹ kú làálàá ọmọ títọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí pé ó pẹ́ tí èmi náà ti ń fà á pẹ̀lú àwọn ọmọ mi.

Ọmọ yín kì í ṣe olóríkunkun. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 2004 pé ọmọ tí kò tíì tó ọdún 8 kò lè fòye mọ̀ pé ńṣe ni ẹni tí ń polówó fẹ́ fa òun lọ́kàn; bí ó ṣe ń gba ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ gbọ́ ni ó ṣe ń gba tirẹ̀ gbọ́. Ìdí nìyí tí bíbú ọjà náà kò fi ṣiṣẹ́ nílé mi rárá. Bí mo bá ti ní irọ́ ni, ẹkún ni, nítorí pé ojú ara rẹ̀ ni ọmọ fi rí i tí ẹnì kan mu tíì náà, tí ó sì gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Jíjókòó tì wọ́n ni ó ràn wá lọ́wọ́. Bí ìpolówó bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń bi wọ́n pé, "Ta ni ó sanwó kí a lè rí èyí? Kí ni ó fẹ́ kí a ṣe?" Nígbà tí ó yá, wọ́n ti ń dáhùn kí n tó béèrè. A tún jọ ń ka ẹ̀yìn ike àti páálí, nítorí pé èròjà tí ó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ ṣíwájú: ṣúgà ni ó ṣíwájú lára tíì tí à ń rà. Mo ní kí àkọ́bí mi bu iye ṣúgà tí wọ́n kọ sára ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan sínú ife, kí ó ka gíráàmù 4 sí ṣíbí ìmutíì kan. Kò tíì bù ú dé ìdajì tí ó fi ń bi mí pé kí ló dé tí ẹni inú ìpolówó kò sọ èyí.

Ti fóònù ni ó le jù. Nínú fídíò tí ọmọ kan ti ń tú ohun ìṣeré tuntun jáde, kò sí ibi tí eré parí tí ìpolówó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2019, Google àti YouTube gbà láti san mílíọ̀nù 170 dọ́là ní Amẹ́ríkà lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń kó ìsọfúnni àwọn ọmọdé jọ láìgba àṣẹ òbí wọn, tí wọ́n sì ń fi í darí ìpolówó sí wọn. Ìpínlẹ̀ Quebec ní Kánádà ti fòfin de ìpolówó sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 láti ọdún 1980, ó sì wù mí kí tiwa náà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ má gba tíì náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Ẹ fi sí òpin ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa fọwọ́ ara rẹ̀ bu wàrà sínú ẹ̀kọ láàárọ̀. Báyìí ni àbúrò ṣe padà sídìí ẹ̀kọ nílé mi.