Ṣé kíláàsì orí kọ̀ǹpútà lè kọ́ olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń kápá ọmọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Èmi ni mò ń bójú tó àwọn olùkọ́ tuntun ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn, àmọ́ bí ọmọ méjì bá ti bẹ̀rẹ̀ wérewère, wọ́n á jágbe mọ́ wọn, gbogbo kíláàsì á sì dàrú. Ẹnìkan ní ká ra ẹ̀rọ tí olùkọ́ fi ń dánra wò pẹ̀lú àwòrán ọmọ lórí kọ̀ǹpútà. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́, àbí owó la fẹ́ dà nù?

Ìdáhùn: Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ̀rọ náà kọ́ ni iṣẹ́ ọ̀hún wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo TeachLivE, tí wọ́n ṣe ní University of Central Florida ní Amẹ́ríkà. Olùkọ́ á dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n ńlá, àwòrán ọmọ márùn-ún á jókòó sínú rẹ̀, wọ́n á máa dá a lóhùn. Ènìyàn gidi kan wà lẹ́yìn tó ń fi ohùn àti ìṣesí darí wọn, ìdí nìyẹn tó fi ń ká olùkọ́ lára. Mo ti rí àgbàlagbà tó làágùn níwájú àwòrán. Mi ò rẹ́rìn-ín, torí èmi náà làágùn nígbà tó kàn mí.

Ní University of Virginia, Julie Cohen àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí kan jáde ní 2020. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, wọ́n sinmi díẹ̀, wọ́n tún dánra wò. Nígbà ìsinmi yẹn, wọ́n ní kí àwọn kan dá ronú lórí ohun tí wọ́n ṣe. Àwọn yòókù rí ẹni tọ́ wọn sọ́nà fún ìṣẹ́jú 5 péré. Àwọn tí wọ́n tọ́ sọ́nà tẹ̀ síwájú gidigidi. Àwọn tó dá ronú kò kúrò lójú kan.

Kí lèèyàn fẹ́ sọ ní ìṣẹ́jú 5? Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ kan ń rọra fi imú kọrin. Olùkọ́ dá ìwé kíkà dúró: “Ṣé ọjà lo rò pé o wà ni? Ìgbà mélòó ni mo ti kìlọ̀ fún ọ?” Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ọmọ mẹ́rin tó kù ti gbójú sókè, iṣẹ́ ti dúró. Olùtọ́nisọ́nà á ní: “Pe orúkọ rẹ̀, sọ ohun tí o fẹ́ kó ṣe, padà sídìí iṣẹ́ rẹ.” Lẹ́ẹ̀kejì, olùkọ́ pe orúkọ ọmọ náà, ó ní, “Orin tó, wo ìlà kejì,” ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ó sì ń bá ìwé kíkà lọ. Ó tán.

Orin ọmọ yẹn kéré, àmọ́ irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi dánra wò. Àwọn kan máa ń fẹ́ kí àwòrán ọmọ jà, kó ju àga. Àṣìṣe ni. Láti 1970 ni Jacob Kounin, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ pé bí olùkọ́ ṣe ń báni wí kọ́ ló ya olùkọ́ tó kápá kíláàsì sọ́tọ̀. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ojú rẹ̀ tètè ń tó nǹkan kó tó di wàhálà.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kó olùkọ́ márùn-ún jọ kí wọ́n ṣe bí ọmọ. Ẹ kọ ìwà kan ṣoṣo sí káàdì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìgbà tó máa ṣe é, kí ẹ sì kìlọ̀ fún wọn dáadáa, torí kò sí ọmọ tó ń yájú tó olùkọ́ tí wọ́n ní kó ṣe bí ọmọ. Kí olùkọ́ tuntun kan kọ́ wọn fún ìṣẹ́jú 5, ẹ dá a dúró, ẹ tọ́ka sí àṣìṣe kan péré, kó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń kọ́ni, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n tún ń kọ́ni báyìí ní Stanford University ní Amẹ́ríkà, láìsí àwòrán ọmọ kankan.

Ibi tí ìdánrawò kò dé ni ìdí tí ọmọ fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwòrán kì í jí pẹ̀lú ebi, a kì í sì í ṣí i kúrò nílé ní àárín ọdún. Nítorí náà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì olùkọ́ náà gan-an, kí ẹ fetí sí ohùn rẹ̀ nígbà tí ọmọ àkọ́kọ́ bá bẹ̀rẹ̀ orin.