Ẹ má jó yàrá mọ́ ṣáásì: ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé sórí ọkọ̀ akẹ́rù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ẹnjiníà. Mo ra ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan. Òun àti ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀n ju tọ́ọ̀nù 7.5 lọ. Mo fẹ́ kọ́ yàrá sẹ́yìn rẹ̀ kí n lè máa gbé inú rẹ̀: mítà 5 ní gígùn, irin onígun mẹ́rin ni egungun rẹ̀, púláíwúùdù ni ara rẹ̀. Wẹ́dà mi ní ká jó ẹsẹ̀ yàrá náà mọ́ ṣáásì, egungun irin abẹ́ ọkọ̀, tààrà kó lè le dáadáa, ká sì fi ewé sípíríǹgì (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn láti gbé ọkọ̀) méjì-méjì kún ti ẹ̀yìn kó lè gbé e. Ṣé ewé méjì tó, àbí ká fi mẹ́ta sí i?

Ìdáhùn: Ewé sípíríǹgì kọ́ ni ìṣòro yín. Màá dé ibẹ̀, kò sì ní gbà wá lákòókò. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sáré kọjá lára rẹ̀ ló yẹ kí ẹ bi mí: «ká jó o mọ́ ṣáásì tààrà kó lè le dáadáa». Ohun kan náà ni mo ń rí nínú ìbéèrè lórí irú ọkọ̀ yìí ní gbogbo ìgbà, ó sì ti sú mi. Ṣáásì ọkọ̀ akẹ́rù kì í ṣe ìpìlẹ̀ ilé. Wọn ò ṣe é pé kó le gbagidi, wọ́n ṣe é kó máa lọ́ ni.

Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ náà lọ wò ó. (Ẹ fi igi há gbogbo táyà kí ẹ tó wọlé o.) Ẹ ó rí irin gígùn méjì láti iwájú dé ẹ̀yìn, pẹ̀lú àwọn irin kúkúrú tó dábùú láàárín wọn. Irin gígùn náà kì í ṣe páìpù. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ṣí sílẹ̀: ó ní àyà kan tó dúró ṣánṣán, ó sì ní etí méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ wá wo ibi tí irin kúkúrú ti pàdé irin gígùn. Rífẹ́ẹ̀tì tàbí bóòtì ni wọ́n sábà máa ń fi dè é níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìjórin tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí ju ti wẹ́dà yín lọ fíìfíì. Bí wọ́n bá fẹ́ jó o pọ̀ ni, wọn ì bá ti jó o.

Ẹ mú páálí bàtà kan, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ kúrò, ẹ di orí rẹ̀ méjèèjì mú kí ẹ lọ́ ọ. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ wá de ìdérí náà, ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ pa, kí ẹ tún lọ́ ọ. Kò gbà mọ́. Ṣáásì ni páálí tó ṣí, ilé yín ni èyí tí ẹ fi téèpù pa, nítorí ó ní ilẹ̀, ògiri mẹ́rin àti òrùlé. Nígbà tí táyà iwájú òsì bá gun òkè, tí ti ẹ̀yìn ọ̀tún sì já sí kòtò, ṣáásì ní láti lọ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin má bàa kúrò nílẹ̀. Bí ẹ bá ti jó ilé mọ́ ọn, ṣáásì fẹ́ lọ́, ilé ò gbà. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Ilé ló máa ń kọ́kọ́ jọ̀wọ́. Ilẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Igun fèrèsé á sán, láti igun ni, kì í ṣe láti àárín, torí igun ni agbára tó ń lọ́ nǹkan máa ń kó ara rẹ̀ jọ sí. Gọ́ọ̀mù tí ẹ fi dí ojú ìpàdé ògiri àti òrùlé á ya, omi á wọlé, púláíwúùdù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú látinú. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé gọ́ọ̀mù tí wọ́n rà ni kò dára. Wọ́n á ra òmíràn tó wọ́n jù ú lọ, òjò méjì lẹ́yìn náà, ó tún ti ya.

Lẹ́yìn náà ló máa kan ṣáásì, ẹ̀yìn orí ọkọ̀ (ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí) níbi tí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ilé náà bá wà ló sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Ìdí rẹ̀ ni pé irin tó ń lọ́ ní ìrọ̀rùn wá pàdé irin tí ilé ti mú le lójijì, gbogbo lílọ́ tó yẹ kó pín káàkiri ṣáásì sì kó ara rẹ̀ jọ sí ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan. Ibẹ̀ náà sì ni ojú ìjórin wà. Iná ìjórin ti yí irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ padà: irin líle á rọ̀ níbì kan, á gan níbòmíràn. Ìparí ojú ìjórin fúnra rẹ̀ dà bí ẹni fi ọ̀bẹ ṣá irin lójú, ibẹ̀ ni ìlà tín-ín-rín ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò ní gbọ́ ariwo kankan. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni ìlà ìpẹtà pupa tó ń yọ lábẹ́ ọ̀dà, tóóró bí irun orí. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ ní etí ṣáásì, ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́.

Àwọn kan á ní: «Àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ akẹ́rù láyé àtijọ́ ńkọ́? Ilé tiwọn ò já.» Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe dáadáa. Púpọ̀ nínú wọn kọ́ ilé pákó sórí pèpéle ìkẹ́rù tí ọkọ̀ náà bá wá, wọn ò fọwọ́ kan ṣáásì rárá. Ilé pákó tí wọ́n fi ìṣó kàn máa ń rìn díẹ̀ ní gbogbo oríkèé, ó máa ń dún, ó sì máa ń jò. Ìrìn díẹ̀díẹ̀ yẹn ló gba ṣáásì là. Irin onígun mẹ́rin tí ẹ jó pọ̀, tí ẹ wá fi gúlù lẹ púláíwúùdù mọ́, kò ní rìn. Iṣẹ́ yín dára ju tiwọn lọ ni, ìyẹn ló fi léwu ju tiwọn lọ bí ẹ bá jó o mọ́lẹ̀.

Ó dáa, báwo ni kí ẹ ṣe é?

Ilé yín gbọ́dọ̀ ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀: irin gígùn méjì mìíràn tó máa jókòó lé orí ti ṣáásì gẹ́lẹ́, kí fífẹ̀ àárín wọn bára mu. Ẹ lè jó ilé mọ́ ìpìlẹ̀ yìí bó bá ṣe wù yín. Irin tó ga tó mìlímítà 80 sí 120, tó nípọn tó mìlímítà 5 tàbí 6, ni wọ́n sábà ń lò fún ọkọ̀ tó tó ti yín. Ẹ jẹ́ kó gùn dé ẹ̀yìn orí ọkọ̀ bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kí ẹ sì gé imú rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, kó máa tín-ín-rín lọ síwájú. Bí ẹ bá gé e gbún, etí rẹ̀ á máa jẹ ṣáásì níbì kan ṣoṣo, ẹ tún ti padà sí ìṣòro tí a ń sá fún. Ẹ tẹ́ rọ́bà líle sáàárín irin méjèèjì. Ẹ má lo pákó rírọ̀: omi ló ń mu, ṣáásì á sì dípẹtà lábẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó rí i.

Bí wọ́n ṣe máa di ara wọn mú ni kókó. Lẹ́yìn, níbi táyà ẹ̀yìn, ẹ dè é pinpin: àwo irin tó nípọn tó mìlímítà 8 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bóòtì M16 (tó nípọn ní mìlímítà 16) tí wọ́n kọ 8.8, àmì bó ṣe lágbára tó, sí lórí, ó kéré tán mẹ́ta fún àwo kan. Níwájú, ẹ má dè é pinpin. Ẹ lo bóòtì gígùn tí sípíríǹgì kékeré líle wà lórí rẹ̀, kí ìpìlẹ̀ ilé lè gbéra sókè lórí ṣáásì ní nǹkan bíi mìlímítà 25 sí 30 nígbà tí ṣáásì bá ń lọ́, kí sípíríǹgì sì fà á padà. Ẹ mú nọ́ọ̀tì rẹ̀ le títí sípíríǹgì á fi fún díẹ̀. Bí ẹ bá fún un títí òrùka rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ra, ó ti di bóòtì lásán nìyẹn, ìyà tí ẹ jẹ kò sì nítumọ̀. Nọ́ọ̀tì méjì-méjì ni kí ẹ fi tì í. Ẹ tún de àwo irin sí ẹ̀gbẹ́ ṣáásì kó ga ju ìpìlẹ̀ ilé lọ díẹ̀, kí ilé lè gbéra sókè ṣùgbọ́n kó má lè yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì.

Ọ̀nà kejì wà fún ẹni tó ń lọ sí ọ̀nà gbágungbàgun: ojú ìdè mẹ́ta péré, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti ọ̀kan láàárín tó lè yí. Unimog, ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes-Benz tí ṣáásì rẹ̀ máa ń lọ́ gan-an, la mọ̀ mọ́ irú ìdè yìí. Ẹrù yàrá máa ń dà sórí ojú mẹ́ta yẹn nìkan, nítorí náà ó gba ìṣirò ẹnjiníà. Kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹ ó máa wò nínú fídíò ṣe.

Ihò ńkọ́? Àyà irin ni kí ẹ lu ú sí, kò gbọdọ̀ sí ihò tàbí ojú ìjórin kankan lára etí, ì báà jẹ́ tòkè tàbí tìsàlẹ̀. Etí ló ń gbé wàhálà tó pọ̀ jù nígbà tí ẹrù bá tẹ ṣáásì. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lo ihò tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lu tuntun, dírílì ni, kì í ṣe iná gáàsì, kó sì jìnnà sí etí tó mìlímítà 40 ó kéré tán. Bí ìwé olùṣe ọkọ̀ bá sọ ohun tó yàtọ̀ sí tèmi, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Kí ẹ tó fi ara sí ilé náà, ẹ dán egungun rẹ̀ wò. Ẹ wa táyà iwájú kan àti táyà ẹ̀yìn tó kọjú sí i ní ìdábùú gun igi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín orí ọkọ̀ àti egungun ilé lókè, ẹ wọ̀n ọ́n lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ gbé igi sí igun kejì, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ibi tó bá ti fún jù lọ ló máa sọ àlàfo tí ẹ nílò. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀nà láti orí ọkọ̀ wọ inú ilé, rọ́bà oníwéwé tó lè nà kó sì fún ni kí ẹ fi so wọ́n pọ̀. Tí ẹ bá jó páànù mọ́ ọn, ó máa ya.

Ó wá kan ewé sípíríǹgì yín. Ìdáhùn mi ni òdo. Ewé tí ẹ bá fi kún un kò sọ áásù (ọ̀pá ìdábùú tó gbé táyà ọ̀tún àti tòsì) di nínípọn, kò fi kún agbára bíréèkì, kò sì yí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára táyà padà. Ẹ yọ pèpéle ìkẹ́rù àtijọ́ kúrò, ẹ gbé ọkọ̀ náà lọ sórí òṣùwọ̀n ọkọ̀ ńlá, ẹ wọn áásù iwájú lọ́tọ̀, ẹ wọn tẹ̀yìn lọ́tọ̀, kí ẹ wá fi wé ohun tó wà lára àwo kékeré tí olùṣe ọkọ̀ kàn mọ́ ọn. Ẹ ṣírò ilé yín kí ẹ tó ra nǹkan kan: irin onígun mẹ́rin 40 sí 40 tó nípọn ní mìlímítà 2 jẹ́ nǹkan bíi kìlò 2.4 fún mítà kan, onímìlímítà 3 á tó kìlò 3.5. Gíláàsì onímìlímítà 4 jẹ́ kìlò 10 fún mítà kan níbùú-lóròó. Lítà omi kan, kìlò kan. Bí ilé yín bá fúyẹ́ ju ẹrù tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún, sípíríǹgì tó wà níbẹ̀ ti le jù fún yín tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá tún fi kún un, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù yín á máa fọ́, ṣáásì á sì máa lọ́ sí i. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ló rẹlẹ̀, ewé àtijọ́ ló ti rẹ̀. Iye kan náà ni kí ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Ẹ má gbé táǹkì omi sẹ́yìn pátápátá. Bí àárín áásù iwájú àti tẹ̀yìn bá jẹ́ mítà 3.6, tí ẹ gbé omi lítà 200 sí mítà kan lẹ́yìn áásù ẹ̀yìn, áásù ẹ̀yìn á gba nǹkan bíi kìlò 256, kìlò 56 á sì kúrò lórí táyà iwájú tí ẹ fi ń tọ́ ọkọ̀. Àárín áásù méjèèjì ni kí táǹkì àti bátìrì wà, nísàlẹ̀.

Ìwọ̀nba tó kù: kí wẹ́dà tó tan iná rárá, ẹ yọ wáyà bátìrì méjèèjì àti ti ẹ̀rọ tó ń gbaná sí i, kí wáyà ilẹ̀ ẹ̀rọ ìjórin sì wà nítòsí ibi tó ń jó, kí iná mànàmáná má bàa gba inú bẹ́rìn táyà kọjá. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà ọkọ̀ àtijọ́ lè ní eyín dáadáa kó sì ti gbó látinú. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń sọ̀kalẹ̀ sí. Àpótí sílíńdà gbọ́dọ̀ ti pa síhà inú ilé, kó sì ní ihò nísàlẹ̀ tó jáde síta. Ẹ fi fèrèsé kan sílẹ̀ tí èèyàn lè gbà jáde bí iná bá dí ojú ilẹ̀kùn.

Mi ò rí ọkọ̀ náà, nítorí náà ìdáhùn mi kò lè rọ́pò ojú ẹnjiníà tó níwèé àṣẹ lágbègbè yín. Ẹ ya àwòrán ìpìlẹ̀ ilé àti ibi tí ìdè kọ̀ọ̀kan máa wà, ẹ gbé e fún un kí ẹ tó lu ihò àkọ́kọ́, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ bóyá wọ́n gbà kí ọkọ̀ akẹ́rù di ilé. Tí wẹ́dà yín bá ṣì ní jíjó tààrà ló dáa jù, ẹ wá wẹ́dà mìíràn. Lẹ́yìn kìlómítà 100 àkọ́kọ́, ẹ tún gbogbo bóòtì ìdè fún. Ẹ tún un ṣe ní 500, kí ẹ sì fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan dé ara àwo, kí ẹ lè máa rí èyí tó bá ti yí láìfọwọ́ kàn án.