Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù ni àbí lórí ayélujára?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n oní-ínǹṣì 43. Ní Ọláìyá l'Óṣogbo níbí, wọ́n pè é ní ₦385,000. Mo rí irú ẹ̀ lórí ayélujára ní ₦352,000. Ọmọ mi ní ti orí ayélujára kì í san owó ibodè, ìyẹn ló fi dínkù. Ṣé lóòótọ́ ni? (Ìyá oníṣòwò, Òkè-Fíà)

Mà, ọ̀rọ̀ owó ibodè yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń tà lórí ayélujára nílẹ̀ yìí ti wà nínú ilé ìkẹ́rù l'Ékòó kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀nà èbúté tí ti oníṣọ́ọ̀bù gbà wọlé ni tiwọn náà gbà.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀. Kọ́sítọ̀ọ̀mù á ro owó ọjà, owó ọkọ̀ àti ìnṣọ́ránsì pọ̀, wọ́n á sọ ọ́ di náírà, wọ́n á wá gbé owó ibodè lé e lórí. Ìpele márùn-ún ni owó ibodè ECOWAS ní: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ni VAT (owó-orí ọjà), tó jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, á tún gun orí àpapọ̀ yẹn. Ká ní ọjà àti ọkọ̀ ẹ̀ jẹ́ ₦200,000, tó sì bọ́ sí ìpele 20: owó ibodè á jẹ́ ₦40,000, VAT lórí ₦240,000 á jẹ́ ₦18,000, gbogbo ẹ̀ á di ₦258,000. Àlékún 29 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, kì í ṣe 27.5, torí owó-orí ti gun owó-orí. A ò tíì ka àwọn owó kéékèèké tí wọ́n ń gbà ní èbúté.

Síbẹ̀, dọ́là ló ń dá wa lóró jù. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye ẹ̀, ìpele owó ibodè lè wà níbi tó wà kí iye náírà tí wọ́n ń san sì di ìlọ́po. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá gbọ́ lálẹ́ pé dọ́là gbéra, á fowó lé ọjà láàárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọjà oṣù tó kọjá, torí owó tó máa fi ra òmíràn ló ń rò. Bí dọ́là bá wálẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í yá tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ₦33,000 tí ẹ rí yẹn. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó tí wọ́n máa fi gbé e dé Òṣogbo kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rántí pé ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ lè ní kí wọ́n tan-án lójú yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àwòrán funfun báláú hàn: bí igun kan bá ṣókùnkùn, tàbí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá gba ojú ẹ̀ kọjá, ẹ má gbé e. Ẹ fi àwòrán dúdú hàn pẹ̀lú, kí ẹ wá ìmọ́lẹ̀ tó ń jò láti etí. Kí nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn ẹ̀ bá ti ara páálí mu. Ẹ béèrè bóyá wàrántì ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni tàbí ti ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n sì kọ déètì sí i.

Bó bá jẹ́ orí ayélujára lẹ yàn, ẹ wo orúkọ ẹni tó ń tà á gan-an, torí ẹni tó ni ìkànnì lè má jẹ́ òun ló ni ọjà. Ẹ fi fóònù ya fídíò láti ìgbà tí téèpù ara páálí ò tíì já títí tẹlifíṣọ̀n á fi tàn, láì dá a dúró, kí ẹni tó gbé e wá sì wà níbẹ̀. Láìsí ìyẹn, wọ́n á ní ọwọ́ yín ló ti fọ́. Lójú tiwa, bí ìyàtọ̀ owó tẹlifíṣọ̀n ò bá tó ìdá kan nínú mẹ́wàá, ṣọ́ọ̀bù ló sàn. Ẹ tiẹ̀ fi iye orí ayélujára han oníṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó ná an. Inú ẹ̀ ò ní dùn, ṣùgbọ́n ó máa ń dín in.

Àbúrò mi ní Texas fẹ́ ra iPhone ránṣẹ́ sí mi kí táríìfù Trump tó sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Ṣé kí n gbà? (Olùkọ́, Òkè-Baálẹ̀)

Ẹni tó ń kó ọjà wọ Amẹ́ríkà ló ń san táríìfù yẹn, ìyẹn owó ibodè tiwọn. Fóònù tó ti Ṣáínà bọ́ sí Èkó tààrà ò ní nǹkan án ṣe pẹ̀lú ẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n tiẹ̀ yọ fóònù àti kọ̀ǹpútà kúrò nínú èyí tó le jù nínú táríìfù náà. Àwọn tó fara gbá a ni àwọn ará ibẹ̀ tó ń ra ẹrù kéékèèké láti òkèèrè: ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, Amẹ́ríkà fòpin sí àǹfààní tí ẹrù tí kò tó $800 ní láti wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Nǹkan mìíràn ló yẹ kí ẹ bi àbúrò yín. Ṣé wọn ò ti fóònù náà mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan níbẹ̀? Ṣé ẹ mọ̀ pé iPhone ti Amẹ́ríkà, láti orí iPhone 14, kò ní ojú síìmù rárá, eSIM, síìmù tí kò ní káàdì, nìkan ló ń lò? Ẹ máa ní láti gba eSIM lọ́dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín. Ọdún 2025 náà ni kọ́sítọ̀ọ̀mù wa gbà kí ẹrù tí kò ju $300 lọ wọlé láìsan owó ibodè, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún fún ẹnì kan, ṣùgbọ́n iPhone tuntun sábà máa ń ju ìyẹn lọ.

Bó bá fẹ́ fi bílẹ́ńdà tàbí tẹlifíṣọ̀n kún un, ẹ ní kó dákun má ṣe é. 120V ni iná tiwọn, tiwa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣájà tí wọ́n kọ "INPUT 100–240V" sí lára ò ní wàhálà níbí, àmọ́ èyí tí wọ́n kọ 120V nìkan sí máa jó lọ́jọ́ tí ẹ bá so ó mọ́ iná.

Báwo ni mo ṣe lè mọ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó dáa? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ayétòrò)

Ojúkojú nìkan ni kó o ti rà á, má sanwó tòkunbọ̀ tí o ò tíì fọwọ́ kàn. Yọ ṣájà ẹ̀ kó o wò ó bóyá bátìrì ń gbé e. Ṣí Command Prompt (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ nínú Windows), tẹ powercfg /batteryreport, kó o ṣí fáìlì tó bá mú jáde. Fi FULL CHARGE CAPACITY wé DESIGN CAPACITY. Bí wọ́n bá ṣe é fún 50,000 tó sì ku 31,000, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣẹ́ kù, kó o yọ owó bátìrì tuntun nínú ohun tí o máa san.

Tún ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó o wọ BIOS (ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ, tó máa ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó ṣí). Bó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹni tó ń tà á ò mọ̀, fi í sílẹ̀. So ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú: tí orúkọ ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun bá yọ, tó ní kó o fi ímeèlì wọn wọlé, ilé-iṣẹ́ yẹn ṣì ń darí ẹ̀, ó sì lè tì í mọ́ ẹ lọ́wọ́ nígbàkigbà.

Fláṣì 2TB ní ₦6,000 lórí ayélujára ńkọ́?

Ayédèrú ni. Wọ́n ti yí inú ẹ̀ padà kó lè máa pe ara ẹ̀ ní 2TB, ó sì lè má ju 32GB lọ. Fáìlì àkọ́kọ́ á ṣí dáadáa, àwọn tó kù á bàjẹ́ láìsọ fún yín. Ẹ fi H2testw, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yẹ fláṣì wò, kún un dẹ́nu kí wàrántì tó parí.

Mo ra firísà l'Álàbá, a fi bọ́ọ̀sì gbé e dé Òṣogbo, kò tutù. Oníṣọ́ọ̀bù ní risíìtì òun sọ pé "ọjà tí a tà kò ṣeé dá padà". (Oníyìnyín, Alékúwodò)

Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, ju ohun tó kọ sí risíìtì lọ: ọjà tó ní àléébù ṣeé dá padà láàárín àkókò tó bójú mu. Ẹ kọ̀wé sí i, ẹ fi àwòrán àti risíìtì sí i. Bí kò bá dáhùn, ẹ gbé ẹjọ́ náà lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dáhùn èyí: ṣé ẹ fi í sùn nínú bọ́ọ̀sì, tí ẹ sì so ó mọ́ iná bí ẹ ṣe délé? Bí firísà bá sùn, òróró inú kọ̀mpírẹ́sọ̀ á ṣàn wọ páìpù. Bí iná bá kàn án nígbà náà, kọ̀mpírẹ́sọ̀ á máa ṣiṣẹ́ láìsí òróró. Èyí tó sùn gbọ́dọ̀ dúró lóòró fún wákàtí 24 kó tó rí iná. Bó bá jẹ́ pé báyẹn lẹ ṣe é, àléébù náà lè ti ọ̀dọ̀ yín wá, oníṣọ́ọ̀bù á sì fi ìyẹn jà. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ lóòró di ọ̀la, kí ẹ tún un dán wò kí ẹ tó kọ̀wé.

Ẹ tún ra sítábíláísà. Òótọ́ ni pé Òṣogbo ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, ìyẹn ò ní kí iná Alékúwodò má lọ sílẹ̀. Èyí tó máa ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó gbé iná sílẹ̀ ni kí ẹ yàn, torí bí iná bá padà kan kọ̀mpírẹ́sọ̀ ní kété tó dúró, kì í lè gbéra, ooru ló máa ń jó o.