Ṣé kí n lọ oògùn ẹ̀jẹ̀ mi fún ọmọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi pé oṣù márùn-ún lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ọmú nìkan ni mò ń fún un. Ọ̀sẹ̀ 35 ni mo bí i, kílò 2.2 ni nígbà náà. Ó ti di 6 báyìí. Ìyá ọkọ mi wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, wọ́n ní ó funfun jù, pé kí n máa lọ ìlàjì oògùn ẹ̀jẹ̀ tí mo lò nínú oyún sínú omi ọmú fún un láràárọ̀. Ṣé kí n ṣe é? – Ìyá Ìkókó, Ìjẹ̀bú-Òde.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, jọ̀wọ́, má lọ ọ́. Kóró oògùn ẹ̀jẹ̀ oní-mílígíráàmù 200 tí wọ́n sábà máa ń fún aláboyún ní bíi mílígíráàmù 65 èròjà irin nínú, ìyẹn èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìlàjì rẹ̀ lé ní 30. Ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé ń fẹ́ nǹkan bíi 2 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ìyẹn 12 fún tìrẹ. Irin tó bá pọ̀ jù lè pa ọmọ kékeré. Gbé ike oògùn náà síbi tí ọwọ́ ọmọdé kankan kò ní tó.

Ṣùgbọ́n ojú ìyá ọkọ rẹ ríran. Inú ìyá ni ọmọ ti ń kó irin pamọ́, oṣù mẹ́ta ìkẹyìn ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù. Ọmọ tó pé oṣù lè fi tirẹ̀ gbé oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Tìrẹ ti jáde kí àpò rẹ̀ tó kún. Irin inú ọmú kò pọ̀, ẹ̀fọ́ ugu tí ò ń jẹ kò sì lè sọ ọ́ di púpọ̀: ẹ̀jẹ̀ tìrẹ nìyẹn ń tọ́jú. Má tìtorí ẹ̀ já a lẹ́nu ọmú o! Ó ṣì ń jẹ oúnjẹ gidi níbẹ̀. Ó kàn yẹ kí wọ́n ti fún un ní irin olómi láti oṣù kejì ni, ó sì dùn mí gan-an pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún ọ.

Gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́la. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n yẹ PCV rẹ̀ wò (àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó), kí wọ́n wo ibà, torí ibà náà ń jẹ ẹ̀jẹ̀. Sọ jẹnotáìpù ìwọ àti bàbá rẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó kọ oògùn. Bí wọ́n bá fún un ní irin, ìgbẹ́ rẹ̀ lè dúdú, má fòyà.

Bó bá pé oṣù mẹ́fà, ògì nìkan kò ní tó o. Ẹ̀dọ̀ tó jinná dénú, tí a lọ kúnná, ẹ̀wà tí a bó, ẹyin. Mo ti rí ìyá, níbí ní Ṣàgámù, tó ń fún ọmọ ní ìkọ́kọrẹ́, tó wá ṣa gbogbo ẹja inú rẹ̀ sí abọ́ bàbá. Ẹja yẹn gan-an lọmọ ń wá! Yọ egungun rẹ̀ dáadáa, tẹ̀ ẹ́, kí o fi sí tọmọ. Omi ọsàn díẹ̀ máa ń jẹ́ kí irin inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ wọ ara; tíì kì í jẹ́ kó wọlé, má fún un.

Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá ọ gbé ọmọ lọ.