Ṣé kí n yọ thermostat kúrò nínú ọkọ̀ tí mo fi turbo sí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Lexus GS 300 ọdún 2002 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnnì 2JZ, mo sì fi turbo, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i, sí i lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Bí mo bá ń sáré lójú ọ̀nà Kubwa ní Abuja níbí, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti wọ gó-sìlóò Nyanya lọ́sàn-án, abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nígbà tí wọ́n ń wá àyè fún páìpù turbo, wọ́n yọ fáànù tó bá ọkọ̀ wá, wọ́n so fáànù oníná kékeré kan mọ́ radiator. Mẹkáníìkì mi ní kí n yọ thermostat, kí n sì máa lo omi lásán. Ṣé kí n yọ ọ́, àbí kí n kúkú ra radiator ńlá? (Ará Gwarinpa)

Ìdáhùn: Má yọ ọ́. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, dá a padà.

Láti ìgbà tí ooru oṣù kẹta ti dé ni mo ti ń dáhùn ìbéèrè yìí bí ẹni ń ka wúrídì. Ọkọ̀ ń gbóná? Mẹkáníìkì á nu ọwọ́, á ní "Kawai a cire shi", kí a ṣáà yọ ọ́. Á yọ ọ́, á gbowó, á máa lọ.

Ìlẹ̀kùn kékeré lójú ọ̀nà omi láàárín ẹ́ńjìnnì àti radiator ni thermostat. Ìda ló wà nínú rẹ̀. Bí omi bá gbóná dé nǹkan bí 80 sí 84 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìda yẹn á yọ́, á wú, á sì ṣí ìlẹ̀kùn náà. Kí omi tó dé 100, ó ti ṣí gbayawu. Ìwọ náà rò ó wò: nígbà tí abẹ́rẹ́ rẹ ń gòkè ní Nyanya, ìlẹ̀kùn tó ti ṣí sílẹ̀ látìgbà tó o ti kúrò nílé lo fẹ́ lọ yọ. Kí ló wá ń dí lọ́nà?

Ti 2JZ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Thermostat rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan nísàlẹ̀. Bí ìlẹ̀kùn òkè ṣe ń ṣí ni ẹsẹ̀ yẹn ń lọ dí ihò kejì, ihò tí omi ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì láì dé radiator nígbà tí ọkọ̀ ṣì tutù láàárọ̀. Tí o bá yọ thermostat, ihò yẹn ò ní padé mọ́ láé. Omi gbígbóná á máa gba ẹ̀yìnkùlé padà wọlé, radiator ò ní rí i tù. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu mi: Toyota tó ṣe ẹ́ńjìnnì ọ̀hún kọ ọ́ sínú ìwé àtúnṣe wọn pé bí ẹ́ńjìnnì bá tilẹ̀ ń gbóná jù, kí a má yọ thermostat.

"Ti ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Wọ́n yọ tiẹ̀, ó sì dáa." Mo ti gbọ́. Tiẹ̀ ti kú ni, ó há ní títì. Tuntun ló yẹ kó rà. Ní báyìí, tó bá ń sáré lọ sí Lokoja láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án ni, á máa da epo lé epo. Epo àdàjù yẹn á fọ ọ́ọ̀lì kúrò lára sílíńdà, á sì ṣàn lọ bá ọ́ọ̀lì nísàlẹ̀. Mo fa ọ̀pá ìwọn-ọ́ọ̀lì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yọ lọ́jọ́ kan, òórùn pẹtiróòlù ló kọ́kọ́ kí mi.

Níbo wá ni ooru tìrẹ ti ń wá? O ti sọ ọ́ fúnra rẹ, o kàn gbójú fò ó ni. Ọkọ̀ tó ń tutù lórí eré, tó ń gbóná lójú kan, afẹ́fẹ́ ni kò rí. Ká ní orí eré ló ti ń gbóná ni, mi ò bá ní radiator ti dí, tàbí pọ́ǹpù omi ti kú, tàbí ẹni tó ṣètò kọ̀ǹpútà turbo fi epo dù ú. Ike tó yí fáànù àkọ́kọ́ ká ló ń jẹ́ kó fa afẹ́fẹ́ gba gbogbo ojú radiator. Kékeré tí wọ́n so mọ́ ọn yìí, ibi tó kọjú sí nìkan ló ń fà. Mo sì mọ̀ pé wọ́n á ti gbé intercooler, ìyẹn èyí tó ń tu afẹ́fẹ́ turbo, sí iwájú radiator. Afẹ́fẹ́ tó ti gbóná ló wá ń mí.

Ṣe èyí lónìí. Jẹ́ kí fáànù máa yí, mú bébà kan, gbé e síwájú ọkọ̀. Ó yẹ kó fà á mọ́ra. Tó bá ń tì í dànù, ríwáyà ti so wáyà òdì. Má ti ọwọ́ bọ ibẹ̀ o.

Radiator ńlá? Ó lè pọn dandan, torí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára epo ló ń di ooru tó ń wọnú omi, epo tí turbo ń jẹ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n wá fáànù méjì alágbára pẹ̀lú ike rẹ̀ ná. Láìsí afẹ́fẹ́, àgbá omi gbígbóná ni radiator ńlá.

Omi lásán ń gbé ooru ju coolant, ìyẹn oje tí wọ́n ń tà fún radiator, lọ, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ irin, ó sì ń tètè hó. Wo ìdí kẹ́tùlù tí ẹ fi ń se omi bọ́họ́ọ̀lù: nǹkan funfun yẹn ló ń lọ dí ihò radiator. Da coolant àti omi bátìrì (omi mímọ́ tí a ń dà kún bátìrì, kì í ṣe ásíìdì o) pọ̀, ìdajì ìdajì. Nọ́ńbà tó ń sọ bí ìdérí radiator ṣe lè dì í mọ́ tó wà lórí rẹ̀, 0.9 tàbí 1.1, èyí tó bá ọkọ̀ wá ni kó o rà, torí ìdérí tó dì dáadáa ló ń jẹ́ kí omi kọjá 100 láì hó.

Má gbẹ́kẹ̀ lé abẹ́rẹ́ yẹn. Ó máa ń sùn sáàárín. Kó tó jí, ooru ti pọ̀. Ra scanner kékeré tó ń fi nọ́ńbà hàn lórí fóònù. 85 sí 95, máa lọ. 105, pa AC, tan heater dé òpin (wàá làágùn, ṣùgbọ́n ooru ń jáde), kó o wá ibi dúró. 110, pa ọkọ̀. Má sì ṣí ìdérí títí họ́ọ̀sì òkè á fi ṣeé dì mú. Àpá tó wà ní ìgúnpá mi òsì, ìdérí radiator ló fún mi, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́.

Mi ò rí ọkọ̀ rẹ o. Tí omi inú radiator bá ń hó kùtùkùtù lọ́wọ́ òtútù, bí ẹni ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, top gasket, ìyẹn ohun tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, lè ti lọ; má wà á kiri lórúkọ mi, gbé e lọ fún ẹni tó mọ 2JZ.

Tó o bá sì ń ṣiyèméjì sí thermostat náà, jù ú sínú ìkòkò omi, gbé e kaná, kó o dúró tì í. Wàá rí i tó ń la ẹnu díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá hó tí kò là á, ra tuntun, kó o sì ra ìkòkò míì fún ìyàwó rẹ.