Ẹ̀rọ Atọ́nà fún Alùpùpù: Sátẹ́láìtì Kò Mọ Ibi Tí Ẹ Wà

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Mo máa ń gun alùpùpù ńlá láti Ìbàdàn lọ sí Kútọnu. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ atọ́nà tó ń lo sátẹ́láìtì, tí n ó fi lè rí alùpùpù mi bí olè bá gbé e. Èwo ni kí n rà, dátà èló ni yóò sì máa jẹ lóṣù?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó. Ẹ̀rọ atọ́nà kò lè bá yín wá olè, nítorí etí nìkan ni ó ní, kò lẹ́nu. Àwọn sátẹ́láìtì GPS, tí wọ́n wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè, ń kéde aago àti ipò tiwọn láìdákẹ́. Ẹ̀rọ yín a gbọ́ ìkéde mẹ́rin ó kéré tán, a wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ lójú ọ̀nà tó, a sì fi ìyẹn ṣírò ibi tí ẹ wà. Bíi rédíò ni: atọ́kùn ètò tó jókòó ní Ìbàdàn kò mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ òun ní Mọ́níyà. Ìdí nìyí tí kì í fi í jẹ dátà láti mọ ọ̀nà, òun náà ni kò sì jẹ́ kí sátẹ́láìtì mọ ibi tí olè gbà. Tracker ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn: ó ní símù tirẹ̀, ó ń fi ipò ránṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, abẹ́ ìjókòó ni a sì ń fi í pamọ́ sí. Àwọn òǹtajà tí ń pe méjèèjì ní nǹkan kan náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ní ti ẹ̀rọ atọ́nà tí ẹ ó rà, Garmin zūmo XT dára: ìbọ̀wọ́ kò dí ojú rẹ̀ lọ́wọ́, ìwọ̀n IPX7 rẹ̀ sì túmọ̀ sí pé ó lè wà nínú omi tó jìn ní mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè máàpù kí ẹ tó sanwó. Èyí tí wọ́n bá rà ní London, máàpù Yúróòpù ni ó wà nínú rẹ̀. Mo ti rí ọ̀kan tó dé Sẹ̀mẹ̀ tí kò fi nǹkan kan hàn ju ọfà kékeré kan lọ láàárín òfìfo. A lè kó máàpù OpenStreetMap, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, sínú Garmin.

N kò tíì rí alùpùpù yín, nítorí náà n kò lè sọ ibi tí wáyà rẹ̀ yóò gbà. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ bátìrì láìsí fíúùsì, ẹ sì ní kí wọ́n so ó síbi tí iná ti ń kú bí ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́.